Tágẹ́ẹ̀tì, Ọ̀gá àti Oṣù Kejì

Ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn dírẹ́bà agbégilódò kan ń kó igi láti inú igbó lọ sí ilé ìlagi. Òfin ti sọ iye ẹrù tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbé lójú títì, ṣùgbọ́n bí ìdá 60 nínú 100 rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé. Epo ń jó, táyà ń jẹ, ọkọ̀ kò sì kún. Ohun tí àwọn ọ̀gá ń sọ fún wọn kò ju "Ẹ sa gbogbo ipá yín" lọ.

Àwọn dírẹ́bà náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Igi inú igbó kì í dọ́gba: òmíràn tóbi, òmíràn tín-ín-rín, èyí tó tutù sì wúwo ju èyí tó ti gbẹ lọ. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wọn ẹrù nínú igbó. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dé ibi ìwọnrù ni wọ́n tó ń mọ iye tí wọ́n gbé. Ẹni tó bá gbé e kọjá òfin sì ti wọ wàhálà. Ta ni kò ní yáa gbé e mọ níbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀?

Àwọn olùwádìí méjì, Gary Latham àti James Baldes, ló ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ní 1975. Wọ́n fún àwọn dírẹ́bà ní iye kan pàtó tí wọ́n á máa lé, èyí tí à ń pè ní tágẹ́ẹ̀tì: ìdá 94. Wọn kò fi kọ́bọ̀ kún owó wọn, ìyìn ẹnu nìkan ni. Wọ́n tún ṣe ìlérí pé bí iye náà bá gòkè tó tún wálẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní jìyà. Ní oṣù kìíní, ẹrù gòkè dé ìdá 80. Ní oṣù kejì, ó já wálẹ̀ sí 70. Ní oṣù kẹta, ó kọjá 90, kò sì padà sẹ́yìn mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ṣírò pé tí kì í bá ṣe ètò yìí, àwọn ì bá ná owó tó lé ní 250,000 dọ́là láti ra ọkọ̀ sí i kí iye igi kan náà tó lè dé.

Oṣù kejì yẹn ni mo fẹ́ kí a tẹjú mọ́. Nígbà tí wọ́n bi àwọn dírẹ́bà léèrè ìdí tí ẹrù fi wálẹ̀, ó hàn pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Wọ́n ń dán ọ̀gá wò. Àwọn ọ̀gá ti sọ pé kò ní sí ìyà; ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó. Àwọn fọ́mánì kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kò fi ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ ránṣẹ́, wọn kò yọ owó. Ẹ̀yìn èyí ni iṣẹ́ tó gòkè, tó sì dúró síbẹ̀. Bí ọ̀gá kan bá ti bínú lóṣù kejì, á rò títí ayé pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ni kò dáa.

Ìdí tí "sa ipá" kì í fi ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Kò ní òṣùwọ̀n. Ẹni tó ṣe díẹ̀ sa ipá tirẹ̀, ẹni tó ṣe púpọ̀ náà sa ipá tirẹ̀, kò sì sí bí ọ̀gá ṣe lè já ẹnì kankan nírọ́. Láti àwọn ọdún 1960 ni Edwin Locke, olùwádìí ní Amẹ́ríkà, ti ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, ohun tó sì rí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn tún rí lẹ́yìn rẹ̀, ni pé iye tó ṣe pàtó tó sì le díẹ̀ ń mú iṣẹ́ jáde ju ìyànjú lásán lọ, tí òṣìṣẹ́ bá ti gbà á tọkàntọkàn, tó sì mọ iṣẹ́ náà ṣe. Iye yẹn ń sọ ibi tí kó fojú sí, ó sì ń mú kó wá ọgbọ́n. Nínú àwọn dírẹ́bà Oklahoma náà, àwọn kan dábàá pé kí wọ́n tún nǹkan ṣe lára ọkọ̀ wọn kí ojú lè máa mọ ìwọ̀n ẹrù dáadáa. Kò sí ẹni tó rán wọn.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ilé búrẹ́dì, nítorí níbẹ̀ gbogbo nǹkan ṣeé wọ̀n, àṣìṣe ọ̀gá sì tètè máa ń hàn. Ká ní àpò fúláwà kan, 50 kílò. Omi lítà 26, ṣúgà kílò 5, bọ́tà kílò kan àbọ̀, iyọ̀ àbọ̀ kílò, yíìsì gíráàmù 300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 83 àti gíráàmù 300. Bí wọ́n bá ń gé e ní gíráàmù 850, búrẹ́dì 98 ni yóò jáde bí ohunkóhun kò bá ṣòfò. Ṣùgbọ́n nǹkan máa ń ṣòfò: èyí tó jóná, èyí tó rọ̀ lulẹ̀ nínú páànù, èyí tó lẹ̀ mọ́ páànù nítorí pé wọn kò fi epo pa á dáadáa.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ ṣe ni kó má sọ nǹkan kan. Kó kàn máa kọ ohun tó ń jáde sílẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá. Ká sọ pé ohun tó rí nínú àpò kọ̀ọ̀kan, bí a bá tò ó láti kékeré dé ńlá, nìyí: 86, 88, 89, 90, 90, 90, 91, 91, 92, 94, 95, 95. Bí a bá pín in dọ́gba, ó jẹ́ nǹkan bí 91. Èmi á fi tágẹ́ẹ̀tì sí 95. N kò ní fi sí 98, nítorí wọn kò dé ibẹ̀ rí. N kò ní fi sí 91, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń dé láìronú. Ẹ̀ẹ̀mejì nínú ọjọ́ méjìlá ni ọwọ́ àwọn fúnra wọn ti ba 95, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé kò ṣeé ṣe, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó rọrùn. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá kì í ka nǹkan kan rárá. Wọ́n á jókòó sínú mọ́tò, wọ́n á ronú iye owó tí àwọn fẹ́, wọ́n á sì sọ ọ́ di tágẹ́ẹ̀tì. Iye tí ọ̀gá fẹ́ àti iye tí ààrò lè ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ nìyí: bí ọ̀gá bá kàn sọ pé "Mo fẹ́ búrẹ́dì 104 nínú àpò kan", yóò rí i gbà. Wọ́n á máa gé e ní 800 dípò 850, iye á sì pé. Gíráàmù 50 kò hàn lójú nínú páànù, ṣùgbọ́n ìyá tó ń ra mẹ́wàá lójoojúmọ́ fún ìpápánu ọmọ iléèwé á mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, á sì yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, iye méjì ló gbọ́dọ̀ máa rìn pọ̀: 95 tó ṣeé tà, gíráàmù 850 lórí síkéèlì kó tó wọ páànù. Èyí àkọ́kọ́ ń fa iṣẹ́ síwájú, èkejì ń ṣọ́ ọ. Iye kan ṣoṣo láìní olùṣọ́ máa ń kọ́ èèyàn ní olè. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má sì pọ̀ ju mẹ́ta lọ. Ẹni tí wọ́n fún ní tágẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án kò ní ọ̀kankan.

Báńkì Wells Fargo ní Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ tó tóbi jù lórí èyí. Wọ́n ní kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nǹkan mẹ́jọ lọ́dọ̀ wọn: àkáǹtì, káàdì, ẹ̀yáwó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mánijà ń pe òṣìṣẹ́ léraléra lóòjọ́ láti béèrè iye tó ti tà. Òṣìṣẹ́ tí kò rí ẹni tà fún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àkáǹtì lórúkọ àwọn èèyàn láìsọ fún wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, ìjọba bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là lé báńkì náà, ó sì hàn pé òṣìṣẹ́ bí 5,300 ni wọ́n ti lé lọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2020, wọ́n tún gbà láti san bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Nígbà tí òṣìṣẹ́ 5,300 bá ń dẹ́ṣẹ̀ kan náà, ẹ má wá ìwà burúkú kiri mọ́, ẹ lọ wo tágẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá mọ báńkì wa nílé mọ ìbátan ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, tí wọ́n ní kó wá owó ìfipamọ́ tó tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà láàárín oṣù mẹ́ta, á bẹ àbúrò bàbá rẹ̀ pé kó bá òun fi owó síbẹ̀ di ìparí oṣù. Lọ́jọ́ kejì oṣù tuntun, owó ti padà síbi tó ti wá. Lórí ìwé, tágẹ́ẹ̀tì pé. Báńkì kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, ọmọ náà sì ti jẹ gbèsè ojú rere nínú ẹbí. Wọ́n fún un ní iye tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni iye oníṣòwò tó bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀, iye tó padà lọ kí, iye ẹ̀sùn oníbàárà tó bá wọn yanjú. Ìyẹn ni kí a kà fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nídìí ààrò. Bí iná bá lọ lágogo méjì òru, tí dísẹ́ẹ̀lì sì ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, ìyẹ̀fun tó ti wú nínú páànù á rọ̀ lulẹ̀. Ẹni tó ń dáná kọ́ ló jẹ̀bi. Bí ọ̀gá bá yọ owó lórí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ohun tó kọ́ gbogbo ilé ni pé iye orí pátákó kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú làálàá àwọn. Láti ọjọ́ náà lọ, iṣẹ́ ojú ni wọ́n á máa ṣe.

Pátákó ńkọ́? Kó wà níbi iṣẹ́, kó má wà nínú ọ́fíìsì. Ìlà mẹ́rin tó o: ọjọ́, iye àpò, iye búrẹ́dì tó ṣeé tà, iye tó bàjẹ́ àti ìdí rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan: "jóná", "rọ̀", "lẹ̀". Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ kó tó lọ sílé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ṣe iyebíye jù lórí pátákó náà, nítorí tí "lẹ̀" bá pọ̀ lọ́sẹ̀ kan, páànù ló ti gbó. Tí "rọ̀" bá pọ̀, ẹ wo yíìsì àti àkókò tí ẹ fi ń dúró. Ìròyìn tó dé lópin oṣù ti pẹ́ jù, àpò fúláwà ọgọ́rùn-ún ti kọjá lọ.

Ó wá ku bí a ṣe ń sọ ọ́ fún wọn. Àríyànjiyàn ńlá wà lórí èyí nígbà kan. Miriam Erez, olùwádìí kan ní Israel, ní tí òṣìṣẹ́ kò bá sí níbi tí wọ́n ti fi tágẹ́ẹ̀tì lélẹ̀, wọn kò ní fọkàn sí i. Latham ní tirẹ̀ rí i pé bí ọ̀gá bá tiẹ̀ dá gbé e kalẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ bákan náà. Dípò kí wọ́n máa bú ara wọn nínú ìwé ìròyìn, wọ́n pe Locke sáàárín, wọ́n jọ jókòó, wọ́n jọ ṣe àyẹ̀wò náà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1988. (Ó wù mí kí ọ̀pọ̀ ìjà ọ̀mọ̀wé máa parí báyìí.) Ohun tí wọ́n rí ni pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ló yàtọ̀. Ní ọ̀dọ̀ Erez, ẹni tó gbé tágẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ kàn ní, "Iye tí ẹ ó ṣe nìyí." Ní ọ̀dọ̀ Latham, ẹni náà máa ń sọ ìdí rẹ̀, ó sì máa ń fi hàn pé òun gbà pé wọ́n lè ṣe é. Nígbà tí ìdí bá wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀gá gbé kalẹ̀ àti èyí tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nìyẹn. Ti ọ̀gá ni pé kó má rán ni níṣẹ́ ẹrú. Ìdí náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ bí "ká lè jẹ́ aṣíwájú". Kó jẹ́ ohun tó ṣeé fọwọ́ bà: "Ká gba mẹ́rin là nínú èyí tó ń bàjẹ́ nínú àpò kọ̀ọ̀kan, nínú àpò mẹ́wàá lóòjọ́, ogójì búrẹ́dì nìyẹn. Owó rẹ̀ ni mo fẹ́ fi tún ilẹ̀kùn ààrò ṣe, èyí tó ń jó yín lọ́wọ́."

Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀, pàápàá lọ́dọ̀ tiwa. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni olórí nídìí ààrò jẹ́ ẹni ọdún 55, tí mánijà sì jẹ́ ọmọ ọdún 30. Tágẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ọdún 30 bá jù sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ ti di ìwọ̀sí kí ẹnikẹ́ni tó ka iye tó wà nínú rẹ̀. Kó kọ́kọ́ bá a sọ ọ́ lọ́tọ̀, kó sì béèrè ibi tí yóò ti le. Ẹni náà mọ páànù tó ti gbó, ó mọ apá ibi tí ààrò ti ń gbóná jù, ó mọ ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn. Tó bá yá, òun gan-an ni yóò gbé iye náà fún àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù kejì, torí pé yóò dé. Ọ̀sẹ̀ kan á wà tí 95 á di 89. Kí ọ̀gá má pe ìpàdé. Kó lọ dúró nídìí pátákó, kó wo ọjọ́ tó wálẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà kó wí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì lọ sílẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ nídìí ààrò?" Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé wọn kò lóye ohun tí a ń kà. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan kò mọ iṣẹ́ náà ṣe tó. Ó lè jẹ́ pé irinṣẹ́ tàbí èlò kò pé. Ó sì lè jẹ́ pé wọn kò fẹ́. Ìtumọ̀, ẹ̀kọ́, owó àti ọ̀rọ̀ ìdákọ́ńkọ́ ni oògùn wọn, ní títẹ̀ léra. Èyí tó kẹ́yìn ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá fi ń bẹ̀rẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ tó sì jẹ́ òótọ́, kí ọ̀gá tún ọ̀kan ṣe láàárín ọjọ́ méjì, ì báà ṣe páànù mẹ́wàá péré ló rà. Wọ́n ń wò ó bí ó ti ń wò wọ́n.

Àṣìṣe mìíràn tó ń pa ètò yìí ni kí ọ̀gá gbé iye náà sókè gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ti dé ibẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ Hawthorne, lẹ́bàá Chicago, láti oṣù Kọkànlá 1931 sí oṣù Karùn-ún 1932, àwọn olùwádìí jókòó ti àwọn ọkùnrin mẹ́rìnlá tó ń so wáyà ẹ̀rọ tẹlifóònù. Owó tí ó ń pọ̀ bí iṣẹ́ bá ti ń pọ̀ ni wọ́n ń gbà, síbẹ̀ wọ́n ti fẹnu kò láàárín ara wọn lórí iye tí ó tó lóòjọ́. Ẹni tó bá ń yára jù, ẹni tó wà nítòsí á fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú ní apá. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí ọ̀gá bá rí i pé ó ṣeé ṣe, á gé owó orí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tàbí kó dá àwọn kan dúró. Bí ẹ bá ṣèlérí pé 95 ni títí di ìparí ọdún, kó jẹ́ 95 títí di ìparí ọdún, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe 97 lójoojúmọ́.

Ní ti bọ́nọ́ọ̀sì, ẹ má ṣe é ní gbogbo-tàbí-òfo. Ká ní ọjọ́ iṣẹ́ 26 ló wà nínú oṣù, tí owó sì wà fún ẹni tó bá dé 95 lápapọ̀ nìkan. Tó bá di ọjọ́ kejìdínlógún tí iṣẹ́ sì wà ní 90, wọ́n á ti ṣírò pé kò lè bá a mọ́, ọjọ́ mẹ́jọ tó kù á di ọjọ́ ìsinmi. Ẹ pín in sí àtẹ̀gùn: owó díẹ̀ bí ó bá dé 92, òmíràn ní 93, bẹ́ẹ̀ títí dé 95. Nígbà náà, ọjọ́ 18 ṣì ní ohun tí ó lè mú wá.

Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n fẹ́ dúró? Ìbéèrè ọ̀tọ̀ nìyẹn. John Meyer àti Natalie Allen ní Kánádà pín ìdúróṣinṣin òṣìṣẹ́ sí mẹ́ta ní 1991: ẹni tó dúró nítorí pé ibẹ̀ wù ú, ẹni tó dúró nítorí pé lílọ á ná an ju dídúró lọ, àti ẹni tó dúró nítorí pé ó kà á sí ẹ̀tọ́ tó yẹ kó ṣe. Lórí ìwé owó oṣù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra. Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ìyàtọ̀ ń hàn. Àpò fúláwà bẹ́ lóru, ọ̀gá kò sí nílé. Ẹni tí ibẹ̀ wù á wá nǹkan fi gbá a jọ, á yọ apá tó mọ́ sọ́tọ̀. Ẹni tí kò rí ibòmíràn lọ á gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Tágẹ́ẹ̀tì tí a fi ẹ̀rù gbé kalẹ̀ lè mú iṣẹ́ ẹni kejì yìí pọ̀ fún oṣù mélòó kan, àmọ́ ọjọ́ tí ilé búrẹ́dì òdìkejì bá fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà kún owó oṣù, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹnì kan ló yẹ kí a yọ kúrò nínú gbogbo èyí, ìyẹn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ruth Kanfer àti Phillip Ackerman lo àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀ òfuurufú sọ́nà láti ilẹ̀. Ìròyìn wọn, tó jáde ní 1989, fi hàn pé iye tí wọ́n fún wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ ń bà á jẹ́ ni, nítorí pé iye náà ń gba ààyè tí ẹ̀kọ́ ì bá gbà nínú orí wọn. Nítorí náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má ka búrẹ́dì ọmọ tuntun. Ẹ fún un ní ohun tí yóò mọ̀ dípò ohun tí yóò mú jáde: ọ̀sẹ̀ kìíní, kó lè tẹ ìyẹ̀fun tó ti wú níka kó sọ bóyá ó tó wọ ààrò, ọ̀sẹ̀ kejì, kó gé ogún léraléra láìsí èyí tó fi gíráàmù mẹ́wàá kọjá tàbí dín sí 850, ọ̀sẹ̀ kẹta, kó mọ igun ààrò tó ń yára jó nǹkan, kó sì mọ ìgbà tí a ń yí páànù padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ṣọ́ọ̀kì.